Kíṣìnì àti ibi ìfọṣọ fún ilé tí ọwọ́ gbogbo èèyàn dí: ẹ bá mi dá sí i kí bírìkìlà tó padà dé

Nọ́ọ̀sì Akóbọ̀

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Ilé tí a ń kọ́ ní Akóbọ̀, nílùú Ìbàdàn níbí, ti dé líńtẹ̀. Bírìkìlà ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti wá mọ ògiri ẹ̀yìn tó kù. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n mọ ibi tí ilẹ̀kùn, síńkì àti páìpù máa wà kí òun tó dé, nítorí òun ò fẹ́ ká tún máa fi òòlù fọ́ ohun tí a ti mọ. Gbogbo yàrá yòókù ti yé mi. Kíṣìnì àti ibi ìfọṣọ ni n kò rójú rẹ̀.

Bí ilé wa ṣe rí nìyí. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́: lọ́sẹ̀ yìí iṣẹ́ alẹ́ ni, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ iṣẹ́ òwúrọ̀ ni. Olùkọ́ ni bàbá àwọn ọmọ, kì í tètè wọlé. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Àgbà wọn ti pé ọdún 13, àbíkẹ́yìn ṣì ń lo nápì aláṣọ. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, àwọn ló ń se oúnjẹ ọ̀sán. Ní ilé tí a yá gbé báyìí, inú bálùwẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, iwájú ilé ni okùn ìsáṣọ wà. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé báfù aṣọ tútù la àárín pálọ̀ kọjá. Bí àlejò bá wà níjòkòó, iwájú wọn náà ni nápì ń gbà kọjá.

Kíṣìnì ilé tuntun yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 10. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 6 ní 8, tí wọ́n yà sínú àwòrán pé sítọ́ọ̀ ni. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 18 ní gígùn, 5 ní ìbú. Níbo ni kí n gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ sí? Bí mo bá fi sítọ́ọ̀ ṣe ibi ìfọṣọ, níbo ni ìrẹsì àti gàrì máa wà? Aládùúgbò mi kan sì ní kí n gbé sílíńdà gáàsì sábẹ́ kàńtà nínú ilé kí ojú má baà máa rí i. Ọkàn mi ò gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé tí ẹ sì ń gbé inú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe tó rọ̀ yín lọ́rùn, kí lẹ ṣe tí ẹ kábàámọ̀?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé, Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ ilé ayọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni màá sọ, ẹ fetí sí i dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà láàárín síńkì àti gáàsì. Bí wọ́n ṣe yà á fún wa nìyẹn, a ò sì mọ̀ nígbà náà pé ó burú. Gáàsì wà lápá ọ̀tún ilẹ̀kùn, síńkì wà lápá òsì. Gbogbo ìgbà tí mo bá bọ ìrẹsì, mo ní láti gbé ìkòkò gbígbóná kọjá lójú ọ̀nà kí n tó lè da omi rẹ̀ nù. Lọ́jọ́ kan, Táyé sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó wá kọlù mí. Omi ìrẹsì dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì dà sí ọmọ náà lápá láti igunpá dé ọrùn ọwọ́. Ọlọ́run yọ wá, ó jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ṣì wà lára ọmọ náà títí dòní. Bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́, ojú mi kì í kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá fọ́ ògiri, tí a gbé síńkì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Owó táìsì nìkan ju owó tí à bá fi ṣe é dáadáa látìbẹ̀rẹ̀ lọ. Kí síńkì àti gáàsì wà lára ògiri kan náà, tàbí kí wọ́n wà ní igun tó kángun síra, kí kàńtà tó tó ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3 sì wà láàárín wọn tí ẹ lè gbé ìkòkò lé. Ẹ kàn yí ara ni, ẹ ò ní rìn.

Ayàwòrán Ilé

Òótọ́ ni ìyá ìbejì sọ, wọ́n sì ti fi ara gbà á. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé nípa rẹ̀ nìyí: láàárín ọdún 1940 sí 1950, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ilé kíkọ́ ní University of Illinois, ní Amẹ́ríkà, sọ pé ibi mẹ́ta ni ẹni tó ń dáná máa ń lọ tó ń bọ̀ jù, ìyẹn síńkì, iná àti fíríìjì. Ẹ fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì kó di igun mẹ́ta. Ìlà kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kò sì gbọ́dọ̀ ju 9 lọ. Bí ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kó má ju 26 lọ. Kíṣìnì yín á gbà á dáadáa.

Ṣáájú wọn, ní 1926, obìnrin ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Margarete Schütte-Lihotzky ti ṣe ohun tó jinlẹ̀ jù ú lọ fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ń kọ́ ní Jámánì. Kíṣìnì náà kò tó mítà 2 ní ìbú, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3.4 péré. Ó wo bí wọ́n ṣe ń dáná nínú ọkọ̀ ojú irin, níbi tí àyè kò sí rárá, ó ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń gbé, ó sì to gbogbo nǹkan sí ibi tí ọwọ́ máa tó láìrìn. Nǹkan bí 10,000 irú kíṣìnì yẹn ni wọ́n kọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lára obìnrin yìí ni kíka ìrìn. Ìwọ̀n kíṣìnì rẹ̀ ni n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti lò, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló gbà. Nílé tiwa, ẹnì kan ń já ẹ̀fọ́, ẹnì kan ń ro àmàlà, ọmọ kan ń fọ àwo, aládùúgbò tó wá kí wa á tún dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àlàfo tí èèyàn máa dúró sí láàárín kàńtà àti kàńtà tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí èèyàn méjì lè kọjá lára wọn láìfara gbún ara.

Gíga kàńtà: ẹsẹ̀ bàtà 3 ló wọ́pọ̀, ìbú rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2. Ṣùgbọ́n ẹ wọn ara yín o. Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ ká apá yín ní igunpá. Kí kàńtà wà ní íǹṣì 4 sí 6 nísàlẹ̀ igunpá. Ẹ̀yìn á máa ro ẹni tó ga bí kàńtà bá kúrú, èjìká á sì máa ro ẹni kúkúrú bó bá ga.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí bírìkìlà tó dé kò ná yín ju páálí ṣọ́ọ̀kì kan lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ kó gbogbo ilé lọ síbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya síńkì, gáàsì, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tóbi tó gan-an. Ẹ gbé ìkòkò òfìfo dání, kí ẹ ṣe bí ẹni tó ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọmọ kan máa ka ìgbésẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un yà lọ́nà mìíràn. Mo ti rí ilé tí a ti gbé ilẹ̀kùn kúrò níbi tí mo yà á sí nítorí ìdánwò yìí, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n ṣe é.

Púlọ́ńbà Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáámù. Ẹ jẹ́ kí síńkì kíṣìnì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ kẹ́yìn síra wọn. Ògiri tó wà láàárín kíṣìnì àti sítọ́ọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ lò: síńkì lápá ibí, ẹ̀rọ lápá ọ̀hún. Páìpù kan ló máa bọ́ àwọn méjèèjì, páìpù kan ló máa kó omi ìdọ̀tí wọn jáde. Tí wọ́n bá wà ní ìpẹ̀kun ilé méjì, páìpù á di ìlọ́po méjì, ibi tó lè jò náà á sì di ìlọ́po méjì.

Ẹ bi ara yín léèrè bí táńkì yín ṣe máa ga tó. Bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti ara rẹ̀: omi tó bá ga ní mítà 10 ló ń fúnni ní agbára bar 1. Bí táńkì bá fi mítà 4 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, 0.4 bar lẹ ní. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó máa ń fa omi fúnra rẹ̀, ìwé rẹ̀ ń béèrè 0.5. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn èèyàn fi ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá tí á kàn máa kùn, tí omi ò ní wọ inú rẹ̀. Ẹ ka ìwé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Bí táńkì ò bá ní lè ga tó, ẹ ra ẹ̀rọ oníkòtò méjì, èyí tí èèyàn lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bu omi sí. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú tiẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dákẹ́ sí yín lọ́wọ́ nítorí omi.

Ẹnu páìpù tí omi ẹ̀rọ máa tú sí: kó dúró ṣánṣán lára ògiri, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3. Ẹ má kàn sọ rọ́bà rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá wà nílẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń bu omi ni omi á máa ṣàn jáde, kò ní kún láéláé, àwọn èèyàn á wá máa rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kí páìpù náà ní ibi tó tẹ̀ nísàlẹ̀, tó máa ń gba omi dúró, kí òórùn àti aáyán má baà gòkè.

Ilẹ̀ ibi ìfọṣọ gbọ́dọ̀ fi íǹṣì 2 rẹlẹ̀ ju ti kíṣìnì lọ, kó sì dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí ojú gọ́tà rẹ̀, íǹṣì 1 nínú ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kò pọn dandan. Lọ́jọ́ tí rọ́bà bá já, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ má da omi ìfọṣọ pọ̀ mọ́ ti ṣáláńgá, torí ọṣẹ àti jíkì tó bá pọ̀ máa ń pa kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí inú kòtò yẹn, kòtò á sì tètè kún. Ẹ ṣe sókàwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn kòtò tí omi á ti máa rì wọlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Akóbọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ ti ọmọ, mo máa ń rí irú rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo mọ bó ṣe ń dunni.

Ìbéèrè méjì: ìyá ọkọ mi kì í dúró dáná. Orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n sì ti lé ní 70 ọdún. Ṣé kí n máa wá fi kàńtà ẹsẹ̀ bàtà 3 yìí lé wọn kúrò nídìí ààrò ni? Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa gáàsì, ẹ fún mi lésì.

Màmá Olùkọ́ Iléṣà

Ọmọ mi, ọkàn rere lo ní sí ìyá ọkọ rẹ, Ọlọ́run á fún ọ ní aya ọmọ tí yóò ro tìrẹ náà.

Àmàlà kì í ṣe oúnjẹ tí èèyàn ń rò lórí ohun tó ga. Agbára wá láti èjìká, orógùn sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ọwọ́. Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, ní ìpẹ̀kun kíṣìnì, ẹ mọ pèpéle kan tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí ẹ gbé gáàsì onítẹ̀ẹ́lẹ̀ lé e. Kí táàpù kan wà níbẹ̀ tó rẹlẹ̀, tí ìyá lè fi fọ ẹ̀fọ́ àti ẹja lórí ìjókòó. Ibi tí odó máa wà, ẹ má tẹ́ táìsì síbẹ̀. Kọnkéré lásán ni kẹ́ ẹ dà, kó nípọn, nítorí iyán gígún máa ń la táìsì. Ìyá tó bá ń rí iṣẹ́ ṣe nílé ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ máa ń yá ju ẹni tí wọ́n ní kó jókòó sí pálọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ má to àwo oúnjẹ wọn sókè. Ẹ ṣe pẹpẹ kan tó rẹlẹ̀, kí ọmọ ọdún 6 lè mú àwo àti ife tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì dá a padà. Ọ̀bẹ, kẹrosíìnì, jíkì àti ọṣẹ olómi, òkè pátápátá ni tiwọn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni po jíkì mọ́ omi ìfọ-ilé-ìgbẹ́, ìwọ tí o jẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé gáàsì tó ń jáde nínú rẹ̀ lè pààyàn.

Oúnjẹ tí a ò tíì sè kò nílò yàrá odindi. Ògiri kan ti tó, kó ní pẹpẹ láti ilẹ̀ dé àjà, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ ní ìbú kí nǹkan má baà farapamọ́ sẹ́yìn nǹkan. Àpò ìrẹsì kílò 50 kò gbọ́dọ̀ fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ fi pákó gbé e sókè ní íǹṣì 4. Ẹ̀wà, inú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ dáadáa ni kẹ́ ẹ dà á sí, kí ẹ kún un dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí, á kú. Ẹ ò nílò oògùn kankan nínú ohun tí ẹ fẹ́ jẹ.

Oníṣẹ́ Iná Òṣogbo

Mo fẹ́ sọ ti gáàsì kí n tó sọ ti iná, nítorí ó kan ẹ̀mí. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, kì í gòkè lọ gba fèrèsé jáde. Ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, á wá kó sábẹ́ kàńtà, sínú kọ́bọ́ọ̀dù, sínú kòtò, á máa dúró de ẹni tó máa ṣáná tàbí tó máa tan iná. Nítorí náà, ìta ni sílíńdà máa wà. Ẹ mọ àpótí búlọ́ọ̀kù kékeré kan sí ìta ògiri kíṣìnì, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin onínẹ́ẹ̀tì láti òkè dé ilẹ̀, kó jìnnà sí ojú gọ́tà, kó sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ la ihò kékeré sí ògiri kí rọ́bà gba inú páìpù kọjá wọlé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó hó, ẹ fi pa orí rẹ̀ àti gbogbo ìdè rọ́bà. Bó bá ń yọ ìfófòó, ó ń jò. Ẹ má fi iná yẹ̀ ẹ́ wò láéláé.

Ó kan iná. Ẹ̀rọ ìfọṣọ gbọ́dọ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti bíréékà tirẹ̀, kí wáyà áàtì rẹ̀ sì wọlẹ̀ dáadáa, nítorí omi àti iná ló ń bá ara wọn gbé níbẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kó kúrò níbi tí táàpù lè ta omi sí. Ẹ̀rọ tó máa ń gbé omi rẹ̀ gbóná ń fa nǹkan bíi 2,000 wáàtì nígbà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e. Bí ẹ bá tẹ omi tútù sí i, agbára tó ń jẹ máa wálẹ̀ gan-an, ìnfátà tó bá tó ìwọ̀n á sì gbé e. Nínú kíṣìnì, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sókè kàńtà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, ṣùgbọ́n kì í ṣe lókè gáàsì, kì í sì í ṣe lókè síńkì. Ẹ tọ́ wáyà fìrísà lọ́tọ̀. Ojú wáyà gígùn tí wọ́n ń fà káàkiri ilẹ̀ kíṣìnì ni mo ti rí iná tó jó ilé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Níbí, inú kíṣìnì ni ẹ̀rọ ìfọṣọ máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ilé, lábẹ́ kàńtà, nítorí ilé kéré. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo bá ń ro ọbẹ̀, mo lè kó aṣọ sínú rẹ̀ láìkúrò níbẹ̀. Kàńtà ga tó íǹṣì 36, ẹ̀rọ ò ju sẹ̀ntímítà 85 lọ ní gíga àti 60 ní ìbú, ó wọlé wẹ́kú. Ẹ lè fi sítọ́ọ̀ yín sílẹ̀ fún oúnjẹ.

Ibi tí wàhálà wà lọ́dọ̀ wa ni gbígbẹ aṣọ. Òtútù kì í jẹ́ ká sá a síta, inú yàrá la máa ń tẹ́ ẹ sí, omi inú rẹ̀ á máa wọ ògiri, ògiri á máa yọ dúdú dúdú, ọmọ á sì máa wúkọ́. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní oòrùn, ẹ má kọ́lé tí aṣọ á máa gbẹ nínú yàrá.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo gbọ́ tiyín o, ẹ̀yin ò ní àyè ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àyè, kí ló máa gbé nápì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń gé ẹran sí? Àti pé ní ọjọ́ Sátidé, aṣọ ẹni méje á wà nílẹ̀ kíṣìnì, ẹni tó ń dáná á sì máa fo wọ́n kọjá. Ìkòkò gbígbóná àti aṣọ nílẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdé.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà dá sí i, nítorí èmi ni mò ń fọ aṣọ nílé wa. Ìyàwó mi ń lọ sí Erékùṣù Èkó láàárọ̀ kùtù, èmi ni mo ń ṣiṣẹ́ nítòsí.

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ibi tí ẹ̀rọ máa wà. Ẹ̀rọ kọ́ ni ìṣòro. Okùn ni ìṣòro. Nígbà tí a ra ẹ̀rọ, mo rò pé ìyà ti tán. Ẹ̀rọ ń fọ ọ́ láàárín wákàtí kan, ó ń fún un, ó ń dákẹ́. Aṣọ tútù á wá wà nínú rẹ̀ títí di alẹ́, torí okùn kan ṣoṣo tí a ní ti kún fún aṣọ àná, tàbí òjò ń rọ̀. Tí mo bá wá kó o jáde, ó ti ń rùn, mo gbọ́dọ̀ tún un fọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó la fi fọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì!

Mo wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Aṣọ ẹ̀rọ kílò 7 kan, bó bá kún, gba okùn tó tó ẹsẹ̀ bàtà 50 nílé wa, láìká aṣọ ibùsùn mọ́ ọn. Ta ló ní okùn ẹsẹ̀ bàtà 50 lábẹ́ òrùlé? Mo fi páànù aláwọ̀ omi bo ẹ̀gbẹ́ ilé kan, èyí tí oòrùn ń gbà wọlé. Mo na okùn mẹ́fà síbẹ̀, íǹṣì 10 láàárín ọ̀kan àti èkejì, mo fi ẹ̀gbẹ́ méjì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ wọlé kó fẹ́ jáde. Láti ìgbà náà, bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ á gbẹ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 8 nínú rẹ̀, okùn mẹ́fà: ẹsẹ̀ bàtà 48 nìyẹn. Ó tó yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì: tábìlì. Ẹ fi pákó kan mọ́ ògiri nítòsí okùn, èyí tó ṣeé ká sókè. Bí aṣọ ṣe ń kúrò lórí okùn ni kẹ́ ẹ ti máa ká a níbẹ̀, kí ẹ pín in sínú apẹ̀rẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan. Apẹ̀rẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, kálukú á gbé tirẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀. Kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, àga pálọ̀ ni aṣọ tó gbẹ máa ń kó sí, a máa ń wá ìbọ̀sẹ̀ nínú rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má dúró de Sátidé. Ẹ̀rọ kan lójúmọ́, ní alẹ́ tàbí ní ìdájí, ó tán. Apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí mẹ́ta: funfun, aláwọ̀, nápì. Àdìrẹ lọ́tọ̀, nítorí ó máa ń ṣí, aṣọ òkè kò sì gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ rárá.

Nọ́ọ̀sì Akóbọ̀

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, ẹ ti la ojú mi. Mo ti ń ka owó ẹ̀rọ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, n kò ka okùn mọ́ ọn rí.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un láti ibi iṣẹ́ mi. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tí kò tíì gbẹ, pàápàá èyí tí wọ́n sá sábẹ́ ibòji tàbí tí wọ́n tẹ́ sórí koríko. Bí ọmọ bá wọ aṣọ yẹn, ìdin rẹ̀ á wọnú awọ ara, á wú bí eéwo, ihò kékeré á wà lórí rẹ̀. Mo ti bá wọn yọ ọ́ lẹ́yìn àti nídìí ọmọ ọwọ́ nígbà púpọ̀. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló ń pa ẹyin rẹ̀: ẹ lọ aṣọ lójú àti lẹ́yìn, pàápàá ojú rírán àti ìgbátí ṣòkòtò. Nítorí náà, bí mo bá ń na okùn sábẹ́ òrùlé, mo fẹ́ kí nẹ́ẹ̀tì yí i ká, kí sọ́kẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn. Aṣọ á kúrò lórí okùn, á gba ìdí áyọ́ọ̀nù, á wọ apẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà Ọ̀yọ́

Lórí owó: ẹ má ra kọ́bọ́ọ̀dù odindi. Kí bírìkìlà da kàńtà kọnkéré íǹṣì 3 sórí ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù, kí ẹ tẹ́ táìsì tàbí gíránáìtì lé e. Ilẹ̀kùn nìkan ni káfíńtà máa kàn sí i. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó tẹ̀, omi kan ṣoṣo lábẹ́ síńkì, á wú bí búrẹ́dì. Kọnkéré ò mọ omi. Kí ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù fi íǹṣì 3 wọlé nísàlẹ̀, kí ìka ẹsẹ̀ ẹni tó dúró lè rí àyè wọ̀. Ìkòkò ńlá, inú dúrọ́ọ̀ tó ṣeé fà jáde ni kó wà, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó ilé máa kúnlẹ̀ wá ìkòkò.

Nọ́ọ̀sì Akóbọ̀

Mo padà dé láti Akóbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yìí, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

A ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ mi àgbà ń ka ìgbésẹ̀, èmi ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata tí kò sí. Bí wọ́n ṣe yà á sínú àwòrán, ìgbésẹ̀ 61. Nígbà tí a gbé fíríìjì kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn wá sí ìpẹ̀kun kàńtà, tí síńkì sì wá sí ògiri tó kángun sí sítọ́ọ̀, ó di 34. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó dá wa lójú.

Sítọ́ọ̀ ti di ibi ìfọṣọ. Mo ti ní kí wọ́n dí ilẹ̀kùn tó wà láàárín òun àti kíṣìnì. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan á ṣí sí kọ́rídọ̀ àwọn yàrá, kí àwọn ọmọ máa da aṣọ ìdọ̀tí síbẹ̀ tààrà. Èkejì á ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ibi okùn. Aṣọ ò ní rí kíṣìnì mọ́, kò sì ní rí pálọ̀. Ẹ̀rọ máa kẹ́yìn sí síńkì bí púlọ́ńbà ṣe wí. Oúnjẹ á gba ògiri kan nínú kíṣìnì láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹsẹ̀ bàtà 8 nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ ti okùn àti nẹ́ẹ̀tì, ògiri kúkúrú kan á là á láàárín, ìyókù jẹ́ ti Màmá. Sílíńdà á wà níta, lẹ́yìn igun kíṣìnì, ó jìnnà sí ojú gọ́tà. Mítà 4 péré ni táńkì wa á fi ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, nítorí náà ẹ̀rọ oníkòtò méjì ni màá kọ́kọ́ rà.

Nígbà tí a yà pèpéle tán, Màmá gbé àpótí wọn jókòó sí ìdí rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí gáàsì máa wà, wọ́n na ọwọ́ sí ibi táàpù. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá wo iwájú, wọ́n ní ká sún un ní ẹsẹ̀ bàtà kan sápá ọ̀tún, torí òpó kan ń dí ojú wọn, wọn ò lè rí ibi tí àbíkẹ́yìn á ti máa ṣeré. A sún un.

Púlọ́ńbà Abẹ́òkúta

Ó dáa gan-an, màdáámù. Ohun kan ló kù: kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ibi tí páìpù àti wáyà gbà, kí ẹ na téèpù sí i kí ìwọ̀n rẹ̀ hàn nínú fọ́tò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan ìṣó láti so pẹpẹ oúnjẹ yẹn kọ́, ẹ ó nílò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Akóbọ̀

Màá yà á lọ́jọ́ Ajé kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bírìkìlà ní aago méje lòun ń bọ̀.